Igbá Ilé Ṣówùnmí

Pupa inú igbá náà ti dé ikùn, bẹ́ẹ̀ fèrè ọ̀sán kò tíì dún.

Lórí àkàbà ni Àwẹ̀ró wà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ògiri tutù. Ó na ọwọ́ sókè, ó kan àjà. Àjà náà tutù. Ó wá yíjú sí igbá dígí tí Àjọ Ibòji, àwọn ìjọba tó ń wọn iná ilé, gbé kọ́ sókè ògiri pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì rí i tí ìmọ́lẹ̀ pupa inú rẹ̀ tún gùn díẹ̀ sí i, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ń bu epo sí i.

"Ilé Ṣówùnmí," ni ahọ́n ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ igbá wí, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ìyàwó tuntun tó ń gbé omi fún àna, "ẹ ti jẹ ìdajì iná tòní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra jẹun."

"Ta ló ń jẹun?" Àwẹ̀ró kígbe mọ́ ọn. "Fi ẹnu tó ń jẹun hàn mí kí n dí i!"

Bàbá Ṣówùnmí rẹ́rìn-ín nínú àga rẹ̀. Bàbá yìí ti pẹ́ láyé débi pé ó rántí ìgbà tí òjò máa ń rọ̀ lóṣù kẹfà, ó sì rántí ìgbà tí ọmọ ènìyàn ń rìn kiri Abẹ́òkúta lọ́sàn-án gangan láìjẹ́ pé wọ́n ń wá òkú rẹ̀ kiri. "Aránṣọ, sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Ẹ̀rọ ò ní ìtìjú. Kò sí bó o ṣe lè bú u tí ojú á fi tì í."

Aránṣọ-ilé ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Àwẹ̀ró. Àwọn ló ń wọṣọ fún ilé àtijọ́ kí oòrùn má baà jẹ ẹran ara wọn. Nígbà kan rí, àwọn ọlọ́gbọ́n kan fi sìmẹ́ǹtì lẹ ara ògiri amọ̀ ilé yìí pa, torí wọ́n fẹ́ kó dà bíi ti Èkó. Àwẹ̀ró ti ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà kí ògiri lè máa mí. Ó ti da èèpo ìrẹsì sórí àjà títí ó fi nípọn bíi tìmùtìmù. Òrùlé ti funfun débi pé ẹyẹ ń dijú kó tó bà lé e. Dígí fèrèsé ti di méjì méjì. Ilẹ̀kùn tuntun ń padé gẹ́ẹ́, kòkòrò ò lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo tó wà nínú ilé, ó yẹ kó máa sùn ni. Kò sùn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín o, sà." Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì ló sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Àjọ Ibòji rán wá gbé igbá kọ́. Ẹ̀wù ìjọba tó wọ̀ ní abẹ̀bẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń kùn lábíyá rẹ̀. "Ìdánwò ilé yín lòní. Bí pupa bá kan ètè igbá kí fèrè ìrọ̀lẹ́ tó dún, mi ò lágbára kankan mọ́. Wọ́n á já iná ilé yìí, ọkọ̀ á sì wá kó yín lọ sí Ilé Gogoro."

"Òkè wo ni wọ́n á fi mí sí níbẹ̀?"

"Èyí tó bá ṣófo, sà. Ó lè jẹ́ ogún."

"Òkè ogún! Ẹyẹ ni mí?"

"Ilé yìí ńkọ́?" ni Ìyá Àlàbá, ìyàwó ọmọ Bàbá, bèèrè. Ó mọ èsì rẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.

Kúforíjì wo bàtà rẹ̀. "Ẹ̀rọ awólé á gbà á, mà."

Ẹ wò ó, àwọn tó jókòó ṣe òfin náà, inú Ilé Gogoro làwọn fúnra wọn ń gbé, àlejò wọn kì í rí ojú wọn, ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ló ń kí i. Àmọ́ kò sí ẹni tó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sìn àlejò.

Ìyá Àlàbá gbé ife omi fún Àwẹ̀ró. "Màmá rẹ ńkọ́, Aránṣọ?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà."

"Gbogbo ìgbà tó o ti ń bọ̀ níbí," ni Bàbá fi kún un, "a ò sìn ọ́ jáde lọ́jọ́ kan. Ká tó yíjú, o ti yọ lọ bí aláǹgbá."

"Iṣẹ́ ń dè mí ni, Bàbá." Ó mumi, ó sì tún gun àkàbà lọ.

Ìyá Rámótà, ará ilé kejì, ló dìde láti lọ. Láti àárọ̀ ló ti jókòó ti Bàbá, wọ́n sì ti kí ara wọn tán pátá, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ọkọ, wọ́n kí adìẹ. "Kò sí nǹkan kan, gbogbo wa la wà dáadáa," ló ń sọ lórí ìjókòó. Ìyá Àlàbá sìn ín. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ṣí, ohùn obìnrin náà wálẹ̀.

"Ìyá Àlàbá, bàbá Rámótà kò jẹun láti ìjẹta o."

"Há! O sì jókòó sínú ilé láti àárọ̀, o ò sọ!"

"Ṣé iwájú Bàbá ni kí n ti wá sunkún?"

Ìyá Àlàbá fi ẹsẹ̀ kan síta, ó fi ẹsẹ̀ kan sínú, ó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Oògùn wo ló lò? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ó ń mu omi? Ooru ìta ń ya wọlé láàárín wọn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè. Lórí àkàbà, Àwẹ̀ró ń gbọ́ wọn, ó sì ń pòṣé, àmọ́ igbá ló ń pòṣé sí. Ó tún ti gùn.

Nígbà tí Ìyá Rámótà lọ tán pátápátá, Kúforíjì gbé àpò rẹ̀. "Bàbá, èmi náà á máa lọ kí fèrè tó dún. Wọ́n ń retí mi ní Ìjẹmọ̀."

"Jẹ́ kí n sìn ọ́."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ má ṣe ìyọnu, sà."

"Ìyọnu kẹ̀? Àlejò tí a kò sìn, lílé la lé e." Bàbá ti ń dìde, orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Kúforíjì ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹríba pé ó dàbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́ síta. Bàbá dì í ní apá mú. "Kúforíjì wo lo tiẹ̀ jẹ́? Ti Ìjẹmọ̀ àbí ti Ìgbẹ̀ìn?"

"Ìgbẹ̀ìn, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti ń wo èjí ẹnu rẹ yẹn láti àárọ̀. Ṣé kì í ṣe Àbẹ̀bí ló bí bàbá rẹ? Àbẹ̀bí oníkẹ̀kẹ́?"

Ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ mọ ìyá bàbá mi?"

"Mo mọ̀ wọ́n? Wo àpá orúnkún mi yìí! Ọwọ́ ta lo rò pé mo ti gbà á?"

"Bàbá, báwo ló ṣe jẹ́?"

"Ọjọ́ kan báyìí, ó ní òun á kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Ó gbé mi dé orí òkè..."

Fèrè dún. Ó dún láti orí àpáta, ó gba orí páànù kọjá, ó dé odò Ògùn tó ti di iyanrìn, níbi tí wọ́n to dígí agboòrùn sí lọ súà. Ojú pópó ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Kónílé-ó-gbélé ọ̀sán ti dé, ẹni tí fèrè bá bá nínú ilé, ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi tún dún. Ìyá Àlàbá fa Kúforíjì wọlé ní ọrùn ẹ̀wù, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ilé Ṣówùnmí," ni ahọ́n wí, "ó ti dé ọrùn. Ẹ rọra jẹun."

Àwẹ̀ró sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó lọ dúró níwájú Ìyá Àlàbá.

"Mà, ẹ má bínú o. Fìríìsà wo lẹ gbé pamọ́?"

"Fìríìsà?"

"Nǹkan kan wà nínú ilé yìí tó ń jẹ iná níkọ̀kọ̀. Ẹ fi hàn mí, mi ò ní sọ."

"O ti wo ilé ìdáná, o ti wo yàrá, o ti gun àjà. Ó kù kó o wo abẹ́ ìró mi!"

"Tó bá tutù níbẹ̀, mo máa wò ó."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ìyá Àlàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó ráyè. Wọ́n jọ wo gbogbo ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń jẹ iná lẹ́yìn ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Wọ́n padà sí pálọ̀, Àwẹ̀ró wo òkè, ó sì dúró gbagidi.

Igbá kò mira.

Níta, oòrùn ti gun òrùlé. Géètì irin ń dún kẹ̀kẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Àkókò yìí gan-an ni ilé máa ń jẹ iná jù láyé yìí, àmọ́ pupa dúró jẹ́ẹ́ ní ọrùn igbá, ẹ̀rọ amúlétutù sì dákẹ́ bí ọmọ tó yó.

"Ọ̀gá Kúforíjì, ẹ wá wo nǹkan."

Kúforíjì wá. Ó kan igbá lẹ́ẹ̀mejì. "Kò bàjẹ́."

"Mo mọ̀ pé kò bàjẹ́. Láàárọ̀ tí atẹ́gùn ṣì ń fẹ́, ó ń gùn bí ọ̀bọ. Oòrùn wá dé tán, ó sùn. Irú ilé wo nìyẹn? Oòrùn kọ́ ni ilé yìí ń bẹ̀rù. Kí ló wá ń bẹ̀rù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ìyá Àlàbá pàápàá gbàgbé pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án, ó fa àga súnmọ́ wọn. Ó ní bóyá iwin ni. Kúforíjì ní Àjọ kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn iwin. Àwẹ̀ró ti ń tú àpò rẹ̀. Ó fa ojú-ooru jáde, dígí aláwọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ bí awò. Ohun tó bá gbóná á pupa nínú rẹ̀, ohun tó bá tutù á dúdú bí aró.

Ó wọ̀ ọ́. Ògiri, aró. Àjà, aró. Fèrèsé, aró. Lórí ilẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín pálọ̀ kọjá láti ògiri dé ògiri, ó dúdú díẹ̀ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Ó rò pé sísán ni, ó mójú kúrò níbẹ̀. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà pupa yòò. Àmọ́ nínú pupa náà, ènìyàn méjì dùbúlẹ̀. Ibòji ènìyàn méjì ni, ó dúdú, ó gùn. Oòrùn tó ya wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ti yan ilẹ̀, àmọ́ kò rí ibi tí àwọn tó dúró ṣíji bò yan. Ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ bí àgbàlagbà tó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ìkejì ní abẹ̀bẹ̀ kékeré lábíyá.

Àwẹ̀ró bọ́ ojú-ooru, ó fi kọ́ ojú Kúforíjì.

"Abẹ̀bẹ̀ ta nìyẹn?"

Kúforíjì fi ọwọ́ kan abíyá ara rẹ̀. "Tèmi ni."

"Igbá wà ní ikùn nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ ń lọ. Nígbà tí fèrè máa dún, ó ti dé ọrùn. Ẹ ò lọ. Ẹ ń dágbére."

"Áà," ni Ìyá Àlàbá wí, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi àti Ìyá Rámótà náà."

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló wọn ilẹ̀kùn náà: ó ṣí, ó padé, kíá. Bí òun ṣe ń jáde ló rò pé gbogbo ayé ń jáde. Àwọn Ẹ̀gbá wo ló ń jáde báyẹn? Ní ìlú tí wọ́n ti ń kí ara wọn fún wákàtí kan lórí ìjókòó, kí wọ́n tó wá sọ ohun tó gbé wọn wá ní ẹnu ọ̀nà!

"Ó dáa, kò le," ó ní. "Fèrè máa tó tú wa sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á tún wá kí Bàbá títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ dágbére nínú ilé, lórí àga. Tẹ́ ẹ bá ti dìde, ó tán. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò. Ìyá Àlàbá, ẹ jẹ́ àlejò."

Ìyá Àlàbá jókòó. "Bàbá, mò ń lọ o."

"Ó dàbọ̀. Kí wọn nílé."

"Wọ́n á gbọ́." Ó dìde, Bàbá náà dìde. "Bàbá, a ti dágbére!"

"Mo mọ̀. Mò ń sìn ọ́ ni."

"Àwẹ̀ró ní ká má sìn èèyàn mọ́."

"Mi ò sìn ọ́ jìnnà. Ẹnu ọ̀nà lásán ni." Kí wọ́n tó dé ilẹ̀kùn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣu tó wọ́n lọ́jà, eré ni wọ́n sì ní àwọn ń ṣe.

Kúforíjì tọ́jú ojú-ooru sínú àpò Àwẹ̀ró, ó sì fa ohun mìíràn jáde níbẹ̀: àgádágodo Àjọ, irin aláwọ̀ eérú tó ní ojú kan bíi ti ẹja. "Àǹtí, ẹ ti kan èyí mọ́ ilé tó pọ̀. Ẹ kàn án síbí. Ìgbà tí Àjọ bá yọ̀ǹda fún un nìkan ló ń ṣí, bó bá sì ṣí, kíá ló ń padé. Ẹ kàn án báyìí, ilé yè."

"Ẹni tó bá fẹ́ kí mi ńkọ́?" ni Bàbá bèèrè.

"Á kí yín láti ìta, sà. Ahọ́n á gbé ohùn rẹ̀ wọlé."

"Ahọ́n náà á sìn ín?"

Kúforíjì na àgádágodo náà sí Àwẹ̀ró.

Bàbá padà sínú àga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ kàn án," ó ní. "Ilé àwọn ọmọ ni. Kí n wá tìtorí pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ wó o lé wọn lórí? Aránṣọ, kàn án."

"Níbo ni Ìyá Rámótà á wá ti sọ tirẹ̀?" ni Ìyá Àlàbá bèèrè, àmọ́ kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àwẹ̀ró gbé àgádágodo náà. Ó wúwo. Ó mọ àwọn ilé tó ti kàn án mọ́. Wọ́n tutù, igbá wọn kì í kọjá ìdí, bí ènìyàn bá sì dé ibẹ̀, á gbọ́ tí arúgbó kan ń bá ahọ́n ẹ̀rọ jiyàn nítorí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wó ńkọ́? Ìyẹn kò ní arúgbó kankan nínú rárá. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wá ibi tí ìṣó á gbà, ó kúrò níbẹ̀, ó rìn wá sẹ́yìn láti wò ó dáadáa. Gìgísẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú kòtò kékeré lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Kòtò róbótó kan wà nínú òkúta nísàlẹ̀ ògiri, ó dán bí inú ọlọ. Ó sáré lọ sí ògiri kejì, ó ká kápẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ náà. Òmíràn wà níbẹ̀. Láti kòtò sí kòtò ni ìlà dúdú tó rí lẹ́ẹ̀kan gbà kọjá.

"Bàbá, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Níbo? Áà, ìyẹn. Ìloro ni."

"Ìloro?"

"O ò mọ ìloro? Ilẹ̀kùn kan wà níta, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ yẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí nínú kòtò wọ̀nyẹn, àyè kékeré wà láàárín wọn. Ibẹ̀ làlejò ń bọ́ bàtà sí, ibẹ̀ náà la ti ń sìn ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹ́ kí n gbọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ." Ó mi orí. "Bàbá mi ló wó o, lọ́dún tó ra àga onítìmùtìmù àti tẹlifíṣàn. Ó ní pálọ̀ ti há."

Àwẹ̀ró gbé àgádágodo náà kalẹ̀ rọra. "Ilé yìí ní ẹnu méjì," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Wọ́n yọ ọ̀kan." Ó yíjú. "Kò sáyè láti mọ ògiri lónìí. Aṣọ ni mo nílò. Aṣọ tó nípọn, tó wúwo, tí atẹ́gùn ò lè gbé."

Ìyá Àlàbá wò ó, ojú rẹ̀ là. "Ta ló tún ń wọ òfì nínú ooru ayé yìí?" Ó ti wọ yàrá lọ. Ó padà pẹ̀lú ìró òfì, gèlè sányán, àti agbádá àrán Bàbá tó gbòòrò bí àgọ́, aṣọ tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí oòrùn ti ya wèrè. Àwẹ̀ró fi abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán aṣọ àjà gán wọn pọ̀ ní ìpele ìpele. Okùn wà, kò sí ìṣó. Ó wo àgádágodo. Ó fi òòlù tú u, ó yọ ìṣó rẹ̀ jáde.

"Àǹtí!" Kúforíjì fò dìde. "Tí eléyìí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ò ní àgádágodo mọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Àti pé, yàtọ̀ sí àgádágodo Àjọ, òfin ní bí ilé bá ṣe wà láàárọ̀ ìdánwò ló gbọ́dọ̀ wà títí dalẹ́. Ẹ ò lè gbé ilẹ̀kùn tuntun síbẹ̀."

"Ta ló gbé ilẹ̀kùn?" Ìyá Àlàbá dá a lóhùn, apá rẹ̀ méjèèjì gbé agbádá àrán dání. "Aṣọ ni mò ń sá. Àbí Àjọ yín ti ní ká má sá aṣọ nínú ilé wa mọ́?"

Kúforíjì wo aṣọ, ó wo igbá, ó wo Bàbá.

"Ẹ máa sá a lọ, mà," ó ní. Ó bọ́ ẹ̀wù alábẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì bá wọn di etí okùn mú.

Nígbà tí fèrè máa dún láti tú ìlú sílẹ̀, aṣọ ti bọ́ láti òkè àjà dé ilẹ̀, ó gba orí ìlà àtijọ́ kọjá, àrán pupa, òfì elésè àlùkò, sányán aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà di yàrá kékeré. Ẹ̀gbẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àlejò láti dúró, ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹni tó ń sìn ín.

Kúforíjì gbé àpò rẹ̀. "Bàbá, mo ń lọ o, sà. Ẹ jókòó, ẹ má sìn mí."

"Mò ń bọ̀."

Bàbá dìde. Wọ́n gbé etí aṣọ, wọ́n kọjá, aṣọ sì wálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn obìnrin méjì tó kù nínú pálọ̀ gbọ́ bí ilẹ̀kùn ìta ṣe ṣí. Wọ́n gbójú sókè sí igbá.

"Níbo la dé lẹ́ẹ̀kan?" ni ohùn Kúforíjì wí lẹ́yìn aṣọ.

"Orí òkè."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó gbé yín dé orí òkè."

"Ó ní kí n gun kẹ̀kẹ́, òun di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó ní kí n ṣáà máa wo iwájú. Mo ń lọ, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, Àbẹ̀bí, o wà níbẹ̀? Ó ní òun wà níbẹ̀. Mo tún ní, Àbẹ̀bí, o wà níbẹ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wẹ̀yìn!"

Ẹ̀rín wọn bú sí ìloro, ẹ̀rín àgbà àti ẹ̀rín èwe. Pupa gbọ̀n nínú igbá. Ó gùn bí irun kan. Ìyá Àlàbá di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú ṣinṣin. Lẹ́yìn aṣọ, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà, Kúforíjì sì ń ṣe àmín, àmín, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀ gbayawu. Pupa dúró.

Àdúrà parí. Bàtà dún lọ. Bàbá gbé etí aṣọ, òógùn bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi omi wẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé. "Ó ti lọ."

"Bàbá!" ni ohùn Kúforíjì láti ìta. "Mo gbàgbé láti bi yín, kẹ̀kẹ́ wo?"

"Mò ń bọ̀!" Bàbá tún padà síbẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò wá ní ọ̀sán náà bí omi. Ìyá Rámótà ló kọ́kọ́ dé, ó dúró nínú ìloro títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, pé bàbá Rámótà ti mu ẹ̀kọ díẹ̀, pé ẹ̀rù ṣì ń ba òun. Ẹni tó wá, wọ́n sìn ín. Ẹni tí wọ́n sìn, ó padà. Pupa ń gùn irun kan, irun kan, Àwẹ̀ró ń rán ibi tí aṣọ ti lanu, ó ń fi òkúta tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí fèrè ìrọ̀lẹ́ máa dún, kò ju ìbú èékánná lọ tó kù kí pupa kan ètè.

"Ilé Ṣówùnmí," ni ahọ́n wí, "ẹ ti jẹun tán. Ẹ ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ilé yín wà láàyè."

Ìyá Àlàbá pariwo, ó jó yí àga Bàbá ká. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ahọ́n náà dáadáa, pé ọjọ́ òní ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi.

Àwẹ̀ró kó abẹ́rẹ́, ó kó òòlù, ó ju àgádágodo tí kò ní ìṣó mọ́ sínú àpò. Lọ́la á mọ ògiri, á gbé ilẹ̀kùn kejì síbi kòtò òkúta náà. Kò wí fún ẹnikẹ́ni pé òun ń lọ. Ó ti gbé etí aṣọ, ó ti wà ní ìloro, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn, kó tó gbọ́ orúnkún Bàbá tó ń ké lẹ́yìn.

"Aláǹgbá," ni Bàbá wí. "Dúró kí n sìn ọ́."

Aṣọ wálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ṣókùnkùn díẹ̀ níbẹ̀, ó móoru, ó ń rùn bí àpótí àgbà. Bàbá fi ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Màmá rẹ ńkọ́?" ó bi í.

Ó ti fẹ́ sọ ohun tó máa ń sọ. Ó ti ya ẹnu.

"Bàbá," ó ní, "wọn ò dá mi mọ̀ mọ́."

Ó sì gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.